Ọdún Méjì Tó Sọnù: Ìtàn Ọdún Kìíní Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Nínú ìdánwò ìṣirò àkọ́kọ́ tí mo ṣe ní yunifásítì, 11 ni mo gbà nínú 40.

Ara ògiri ni wọ́n lẹ èsì náà mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wa sì ń ti ara wa síwá-sẹ́yìn níwájú ìwé pélébé kan. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ. Ìyẹn nìkan ló bò mí láṣìírí. Mo fi ìka tọ ìlà tèmi lẹ́ẹ̀mejì, bóyá mo ṣì í wò. N kò ṣì í wò. Èmi tí wọ́n máa ń pè síwájú pátákó ní ilé ẹ̀kọ́ girama pé kí n wá ṣàlàyé ìṣirò fún àwọn ẹgbẹ́ mi, èmi tí ìyá mi tìtorí èsì WAEC mi gbé àdìrẹ tó dára jù nínú ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìtòkú lọ fún olùkọ́ mi, èmi náà ni mo gba 11.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe ìyá mi lórí fóònù. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá nǹkan mìíràn kọ́."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé o ti jẹun?"

Ẹ̀yìn ìgbà tí mo sọ pé mo ti jẹun (irọ́ ni) ni wọ́n tó sọ pé kí n má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan, kí n wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, kí n sì lọ kí Bàbá Ẹnjiníà.

Bàbá Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò wa ní Abẹ́òkúta ń pe bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tipẹ́. Ọ̀nà àti afárá ni wọ́n fi ayé wọn ṣe. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n jókòó. Wọn kò béèrè máàkì tí mo gbà. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí yà mí lẹ́nu.

"Ọdún mélòó lo lò ní fọ́ọ̀mù kẹfà?"

"Ẹ ní kí ni, sà?"

"HSC. Ọdún mélòó lo fi ṣe é?"

"Bàbá, àwa kò ṣe HSC. Láti SS3 ni a ti ṣe WAEC àti JAMB, òun náà ni a sì fi wọlé."

Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń fi etí aṣọ nù ún. "Ó dára," ni wọ́n wí. "Nígbà náà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ọ ni wọ́n fi dán ọ wò. Lọ ka ìtàn rẹ̀."

Mo lọ kà á. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ó wọ yunifásítì láìpẹ́.

Herbert Macaulay ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí olóṣèlú onírunmú ńlá tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó ẹyọ náírà kan. Àwọn tó mọ iṣẹ́ tó kọ́ kò tó nǹkan. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1864. Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther ni, bàbá rẹ̀ ló sì dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ní 1890, ìjọba amúnisìn rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé àti ọ̀nà. Kì í ṣe yunifásítì ló lọ. Ọ̀dọ̀ G. D. Bellamy ni wọ́n fi í sí, ẹni tó jẹ́ awọnlẹ̀ àti ẹnjiníà omi fún ìlú náà, bí a ṣe ń fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó padà dé sí Èkó ní 1893.

Àwọn ìwé máa ń sáré kọjá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1890, ibẹ̀ gan-an ni èmi sì dúró sí. Láti 1881 ni Macaulay ti jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì iṣẹ́ òde ìjọba ní Èkó. Fún nǹkan bí ọdún 9 kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, àárín ìwé ilẹ̀ àti iṣẹ́ òde ló wà. Nígbà tó dé Plymouth, kì í ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fojú kan iṣẹ́ yìí. Ó ti rìn lórí afárá kan kó tó dé ìdí odò.

Ọ̀rọ̀ afárá yìí ni mo ń wá kiri nínú gbogbo ìtàn tó kù: kí ni ó wà láàárín ilé ẹ̀kọ́ girama àti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ jókòó láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ?

Ní Yaba, afárá náà wà, ṣùgbọ́n kò dé òdìkejì. Gómìnà Donald Cameron ṣí Yaba Higher College ní gbangba ní oṣù kìíní 1934. E. R. J. Hussey, ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba nígbà náà, ló gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ ní ìṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kò fi iṣẹ́ ṣeré, ẹ̀kọ́ náà kò sì rọrùn. Àmọ́ ìwé ẹ̀rí ti Nàìjíríà nìkan ni ẹni tó bá parí ń gbà, kì í ṣe oyè yunifásítì, igbákejì ni wọ́n sì ń gbà wọ́n sí lẹ́nu iṣẹ́, lábẹ́ òyìnbó. Ọmọ á fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti ìwé, á wá jáde láti di ẹni tó ń gbé àpò fún ẹnjiníà. Inú bí àwọn ará Èkó. Ní 1934 kan náà ni J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya kó ara wọn jọ, wọ́n dá Lagos Youth Movement sílẹ̀, èyí tó padà di Nigerian Youth Movement. Ọ̀rọ̀ Yaba wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ náà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ iye ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ lò, àti ohun tí wọ́n fún un lópin rẹ̀, ṣe di ọ̀rọ̀ òṣèlú orílẹ̀-èdè kan!

Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé bí ọdún ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe dára tó. Yaba pẹ́, ṣùgbọ́n orí ibi tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ dúró sí ni wọ́n kọ́ ọ dé.

Ní 1948, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ láti Yaba lọ sí Ìbàdàn láti fi bẹ̀rẹ̀ University College, Yunifásítì London ló sì ń fún wọn ní oyè. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kò fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Zaria ni wọ́n gbé e lọ. Nigerian College of Arts, Science and Technology, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ní ẹ̀ka mẹ́ta: Ìbàdàn, Enugu àti Zaria. Ẹ̀ka ti Zaria ni wọ́n ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ títí dé oyè London. Ibẹ̀ kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán bíi Yusuf Grillo, Bruce Onobrakpeya àti Demas Nwoko ti kọ́ṣẹ́ ní àkókò kan náà. Mo máa ń ronú pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń ya ère àti ẹni tó ń ya ẹ́ńjìnnì ti jọ tò sórí ìlà kan náà níbi oúnjẹ.

Ọmọ ilẹ̀ Yorùbá tó bá fẹ́ di ẹnjiníà nígbà náà níláti múra ìrìn-àjò. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ náà di Ahmadu Bello University ní 1962 ni Bàbá Ẹnjiníà lọ síbẹ̀. Láfẹ́ńwá ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ gba Ìbàdàn, ó gba Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin, ó kọjá odò Ọya ní Jẹ́bbà, ó wá gba Minna àti Kàdúná kó tó dé Zaria. Bàbá ní ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ṣì ń lọ. "Oṣù Kejìlá tó tẹ̀lé e ni mo wá mọ̀," ni wọ́n wí, "pé ọyẹ́ tí à ń pariwo rẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí kì í ṣe ọyẹ́." Wọ́n ní ètè àwọn bẹ́, ọwọ́ àwọn le débi pé pẹ́ńsù ń bọ́ lórí pákó ìyàwòrán. Wọn kò gbọ́ Hausa, oúnjẹ yàtọ̀, lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sílé kì í tètè dé.

Mo bi wọ́n léèrè pé, "Bàbá, ṣé ìṣirò náà ò dà yín láàmú ni?"

"Òtútù ló dà mí láàmú," ni wọ́n fi dá mi lóhùn. "Ìṣirò ọdún kìíní? Mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní HSC."

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan tí gbogbo ayé gbà pé orí rẹ̀ pé wá síbí. Ayodele Awojobi, ọmọ Ìkòròdú tí wọ́n bí sí Oshodi ní 1937, jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin, ìyá rẹ̀ ń ṣòwò. Ní CMS Grammar School ló ti ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní 1955, èsì rẹ̀ sì ya àwọn èèyàn lẹ́nu nígbà náà. Nínú ìwé, a máa ń fò láti ibẹ̀ lọ sí ibi tó ti gba oyè tó ga jù lọ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 1962. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún náà lórí ìka yín. Lẹ́yìn 1955, ẹ̀ka Ìbàdàn ti Nigerian College ló kọ́kọ́ lọ, kò tíì lọ sí Zaria. Físíìsì àti ẹ̀yà ìṣirò méjì ló kọ́ níbẹ̀ ní ìpele Advanced, ó sì yege pẹ̀lú ìyìn ní 1958. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Zaria.

Awojobi! Ọkùnrin tó padà gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Imperial College ní London ní 1966, tó tún gba oyè DSc ní 1974. Ọkùnrin tó tún ọkọ̀ jíìpù ṣe ní Yunifásítì Èkó kó lè máa lọ síwájú àti sẹ́yìn bákan náà, tó sọ ọ́ ní Autonov 1. Odidi ọdún mẹ́ta ló wà láàárín ìwé ẹ̀rí girama rẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí Advanced. Wọn kò sọ fún un ní 1956 pé bó o bá gbọ́n lóòótọ́, fò ó. Wọ́n fún un ní afárá, ó sì rìn ín dé òdìkejì. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti rí 11 lára ògiri.

Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀nà kúrú. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó ní 1964, ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, Àkúrẹ́ gba yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní 1981, ti Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ̀lé e ní 1990. Ọmọ Abẹ́òkúta kò níláti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sínú ọyẹ́ mọ́. Wọ́n dá COREN sílẹ̀ ní 1970 láti máa forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, wọ́n sì dá ètò SIWES sílẹ̀ ní 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ fọwọ́ kan iṣẹ́ kó tó jáde. JAMB dé ní 1978.

Ibi tí ìtàn ti kàn mí gan-an ni ètò 6-3-3-4. Kí wọ́n tó gbé e dé, ọmọ á ṣe ọdún márùn-ún ní girama, yóò tún lo ọdún méjì ní fọ́ọ̀mù kẹfà fún HSC, kó tó wọ yunifásítì. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 ló sọ pé kí a yí i padà: ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà, kó tó kan yunifásítì. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ilé ẹ̀kọ́. Ní 1988 ni àwọn ọmọ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò SSCE tuntun. Láti ìgbà náà ni HSC ti ń kógbá sílé.

Ẹ bá mi ro ó. Ọdún méje di ọdún mẹ́fà. Kálíkúlọ́ọ̀sì, fẹ́kítọ̀, físíìsì tó jinlẹ̀, kẹ́mísírì tó jinlẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ń fi ọdún méjì kọ́ ní HSC, níbo ni wọ́n gbà? Díẹ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sínú Further Mathematics, fún ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ní olùkọ́ rẹ̀. Tèmi kò ní. Ìyókù bọ́ sórí ọdún kìíní yunifásítì: sáà méjì, oṣù díẹ̀ nínú sáà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn kan. Òtítọ́ ni pé ọdún márùn-ún ni ìmọ̀ ẹ̀rọ, pé ọdún kìíní ni wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń fi ọdún méjì dà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ní kí ó gbẹ láàárín ọdún kan, kò sì sí birikilà tó máa gbà bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn tó ṣe ètò náà kò gbàgbé afárá. Wọ́n kàn fẹ́ kọ́ ọ sí ibòmíràn ni. Nínú 6-3-3-4, láti JSS1 ni ọmọ yóò ti máa kọ́ Introductory Technology: kó ti mọ ayùn, kó ti mọ irin jíjó, kó ti fi ọwọ́ ya àwòrán ẹ̀rọ kó tó pé ọmọ ọdún 15. Bí ọwọ́ bá ti mọ iṣẹ́, ìwé yóò rọrùn; èrò náà nìyẹn, èrò tó dára sì ni. Ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, wọ́n pín in fún ilé ẹ̀kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí ilé tí wọ́n lè gbé e sí, kò sí iná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò, ẹ̀rọ náà sì wà nínú àpótí onípákó tí wọ́n fi kó o dé. Bàbá Ẹnjiníà ní àwọn rí irú àpótí bẹ́ẹ̀ lójú ara wọn nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan, àwọn ọmọ ń jókòó lé e lórí jẹun ní àkókò ìsinmi. Wọ́n wó afárá àtijọ́; wọn kò tú afárá tuntun kúrò nínú àpótí.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń sunkún HSC. Bàbá fúnra wọn sọ pé àwọn tó rí ọ̀nà dé fọ́ọ̀mù kẹfà nígbà náà kò pọ̀, nítorí ilé ẹ̀kọ́ tó ní i kò pọ̀, ọmọ aláìnílààrí kì í sábà débẹ̀. Bí HSC bá ṣì wà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ aládìrẹ bíi tèmi má tilẹ̀ dé ibi tó ti gba 11. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún wa. Àtẹ̀gùn tó lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn náà ni wọ́n gbàgbé. Lóòótọ́ IJMB àti JUPEB ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn wọ ọdún kejì, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ fún òbí pé ọ̀nà gidi ni, kì í ṣe ọ̀nà àwọn tí JAMB já kulẹ̀?

Nínú yàrá ìyàwòrán ni mo ti rí àpótí onípákó yẹn kedere jù lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì tí a wọlé, olùkọ́ ní kí a gbé T-square wa jáde, kí a ya búlọ́ọ̀kù kan láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè. Mo ti ra T-square, ó ṣì wà nínú ọ̀rá. N kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń gbé e tì. Mo yíjú sọ́tùn-ún, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń wo èmi náà. Ẹnì kan péré nínú àwa tó wà lórí ìlà yẹn ló ń yàwòrán lọ ní tirẹ̀, ìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán bí okùn ìwọ̀n birikilà. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló ti wá. Nínú ìṣirò, kò ju mi lọ rárá. 13 lòun gbà. Ṣùgbọ́n ó ní apá kan nínú afárá náà tí èmi kò ní.

Aṣojú obìnrin kò pọ̀ nínú kíláàsì wa, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ nípa orí obìnrin àti ìṣirò kí oṣù kan tó pé. Mo kàn fẹ́ sọ ọ́ kọjá pé Joana Maduka, ọmọ Iléṣà, ti di ẹnjiníà kí wọ́n tó bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ náà, òun ló sì ṣáájú nígbà tí àwọn obìnrin ẹnjiníà Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ tiwọn, APWEN, sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ kí Bàbá Ẹnjiníà ní ìsinmi, wọ́n gbé rúlà kan jáde fún mi, èyí tí àárín rẹ̀ ń yọ̀ síwá-sẹ́yìn. Slide rule ni. Òun ni wọ́n fi ṣe gbogbo ìṣirò wọn ní Zaria, kí ẹ̀rọ ìṣirò àfọwọ́mú tó dé. HP-35, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, kò jáde títí di 1972. Bàbá fi han mí bí a ṣe ń fi àròpọ̀ gígùn ṣe ìsọdipúpọ̀ lórí rẹ̀. Ó gbà mí ní nǹkan bí wákàtí kan kí n tó lóye ohun tí logarithm jẹ́, ohun tí mo ti ń tẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìṣirò mi láti SS1. Mo bi ara mi léèrè pé mélòó nínú ohun tí mo rò pé mo mọ̀ ló jẹ́ bọ́tìnì.

N kò kúrò nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yẹn àti èmi ṣe àdéhùn: òun á kọ́ mi ní ìyàwòrán, èmi á bá a wá ojútùú ìṣirò. A ra Engineering Mathematics ti K. A. Stroud ní àlòkù, èyí tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti 1970. Ìwé náà kì í fò. Á bi ọ́ ní ìbéèrè kékeré kan, á dúró dè ọ́, á sọ ìdáhùn, á tún bi ọ́ ní òmíràn. A bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé ìpìlẹ̀, níbi tí ojú máa ń ti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti bẹ̀rẹ̀. Ìwé yẹn ni HSC wa. Nígbà tó fi máa di ìdánwò ìparí sáà, àwa méje la ti ń jókòó yí i ká lábẹ́ iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí iná kì í dúró nínú yàrá. Mo yege ìṣirò náà pẹ̀lú D. Ìyá mi béèrè pé ṣé D dára. Mo ní, "Màámi, ó dára ju bó ṣe rí lọ." Wọ́n ní kí n má fi ọ̀rọ̀ òyìnbó yí àwọn lójú, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àdìrẹ kan lọ fún Bàbá Ẹnjiníà.

Ọdún kẹta ni mo wà báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a máa ń lo kíláàsì kékeré kan tí kò sí ẹni tó ń lò ó, àwa àtijọ́ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Kò sí ẹni tó ń san owó fún wa, kò sì sí ní inú ìwé ètò ẹ̀kọ́ kankan. Ọ̀sẹ̀ tí àwọn ti ọdún yìí kọ́kọ́ wá, wọ́n kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn kan dúró. Mo ní kí ẹni tó ti fọwọ́ kan T-square rí kó tó dé ibí nawọ́ sókè.

Mẹ́ta nawọ́. Mo ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ síwájú, kí wọ́n wá bá wa kọ́ àwọn tó kù.